Òpin Ayé nínú Ìgò

Orúkọ a máa ro ọmọ; ǹjẹ́ ó ń ro ọtí? Ní 1994, ilé-iṣẹ́ Unibroue ní Chambly, ní Kánádà, pọn bíà kan bí ti àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n sì pè é ní La Fin du Monde, èyíinì ni Òpin Ayé. Agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 9 nínú 100. Mo tọ́ ọ wò: ó dùn, òórùn ọsàn àti kànáfùrù ń ta sánsán lára rẹ̀. Mo ní orúkọ náà parọ́. Àbùkù kan ṣoṣo ni mo rí: adùn rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnu kìlọ̀ fún ẹsẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ dìde ni mo tó gbà pé orúkọ ro ọtí náà.