Ìgò gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìí: Àgbéyẹ̀wò Ìpínsísọ̀rí Àwọn Ewéko Òkun Kéékèèké

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni ibi tí a lè gba ẹ̀rí ìgò gbọ́ dé nígbà tí a bá ń pín àwọn ewéko òkun kéékèèké aláwọ̀ ewé sí ìsọ̀rí. Ìgò tí à ń wí ni ti ilé-ìwádìí, níbi tí onímọ̀ ti ń gbin ewéko kan ṣoṣo sínú omi òkun tí a ti sẹ́, tí ó sì ń ṣọ́ ọ láti ìgbà tí ó wà ní hóró títí òun náà yóò fi tú hóró tirẹ̀.

Iṣẹ́ tí Peter Kornmann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé jáde ní 1938 ni a fi ṣe òpó. Ṣáájú rẹ̀, ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ka Derbesia marina, tí ó rí bí òwú tẹ́ẹ́rẹ́, àti Halicystis ovalis, tí ó rí róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀, sí. Kornmann gbìn wọ́n. Hóró tí Derbesia tú sínú omi hù, ó di Halicystis. Sẹ́ẹ̀lì akọ àti abo tí Halicystis tú jáde para pọ̀, wọ́n hù di Derbesia. Ewéko kan náà ni! Bí ó ti wù kí a tẹjú mọ́ èyí tí a sá gbẹ sórí bébà tó, a kò lè rí i pé òbí àti ọmọ ni wọ́n. Lórí ọ̀rọ̀ ta ni ó bí ta ni, a gbà pé ìgò kò ní ẹlẹgbẹ́ nígbà náà.

Lórí ìrísí ńkọ́? Níbí ni a ti ń kọminú. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jàpáànù fi hàn pé bí a bá gbin Monostroma oxyspermum láìsí bakitéríà lọ́dọ̀ rẹ̀, kì í ya ewé. Ṣe ni àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń tú ká. Bakitéríà ni ó ń pèsè èròjà tí ó ń mú un ya ewé. Ìmọ́tótó tí ilé-ìwádìí fi ń yangàn lè tipa bẹ́ẹ̀ pa ìrísí dà, kí onímọ̀ sì sọ àìpé lórúkọ.

Òkun pàápàá kò fi ìrísí ṣe òfin. Linnaeus kó oníhò àti pẹlẹbẹ pọ̀ sábẹ́ Ulva ní 1753. Link ya àwọn oníhò sọ́tọ̀ ní 1820, ó pè wọ́n ní Enteromorpha. Ẹ̀rí DNA tí Hayden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2003 sì dá wọn padà sínú Ulva. Nítorí náà ni a kò fi fara mọ́ ọn kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣì máa há orúkọ méjèèjì sórí bí ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí olùkọ́ sì máa fún un ní máàkì lé e lórí.