Inú Ihò Ọpọ́n: Ọpọ́n Ayò Àfọwọ́gbẹ́ Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀bùn ní Gúúsù Èkìtì

Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá gbẹ́nà tán, gbẹ́nugbẹ́nu ló kù. Ní ti ọnà igi gúúsù Èkìtì, gbẹ́nugbẹ́nu ti sọ púpọ̀ nípa òpó àti ilẹ̀kùn ààfin, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ nǹkan kan nípa ọpọ́n ayò. Ohun tó fà á kò fara sin. Òpó ààfin ga, ó ní ọba, ó ní ayaba, ó ní ẹlẹ́ṣin. Ọpọ́n ayò kò ju igi gbọọrọ kan lọ, ihò mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Síbẹ̀, èrò tèmi ni pé ọpọ́n yìí, pàápàá èyí tí a gbẹ́ láti fi ta ẹnìkan lọ́rẹ, ń dán ọwọ́ oníṣẹ́ wò níbi tí òpó kò ti lè dán an wò.

A kò lè sọ̀rọ̀ ọnà igi ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹ̀mùrè kí a fo gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń jẹ́ Olówè dá. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ló sọ di ilé, níbi tó ti ṣe ìránṣẹ́ Arínjalẹ̀, ọba ìlú náà, kí òkìkí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn dé ààfin àwọn ọba mìíràn. Ó kú ní 1938. Láàrin nǹkan bí 1910 sí 1914 ló ṣiṣẹ́ fún Ọgọ́gà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ó gbẹ́ òpó, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn. Lára ilẹ̀kùn náà, Ọgọ́gà jókòó sórí àga rẹ̀ lápá kan, àwọn agbẹ́rù gbé Captain Ambrose, aṣojú ìjọba òyìnbó, bọ̀ lápá kejì, àwọn ère náà sì yọ jáde kúrò lára pákó bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí àfihàn ńlá tó wáyé ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí British Museum fẹ́ gbà á, àga ọba tí wọ́n ṣe ní Ìlú Òyìnbó ni Ọgọ́gà gbà dípò rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka ìtàn yẹn sí ìrẹ́jẹ, n kò sì ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọba gbà: ohun tí ènìyàn lè jókòó lé. Ilẹ̀kùn tó kúrò ní Ìkẹ́rẹ́ kò ṣí fún àlejò kankan mọ́ láti ìgbà náà, ère lásán ló dà lára ògiri. Àga tó wá dípò rẹ̀ ṣì lè gba ìdí ọba. Ojú yìí gan-an ló yẹ kí a fi wo ẹ̀bùn àfọwọ́ṣe: kí ni ẹni tí a fún yóò máa fi ṣe?

Ní ti ọpọ́n ayò, ìdáhùn wà nínú ihò. Ẹni tó ń ta ayò a máa ki ọwọ́ kan bọ ihò, a kó gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a sì máa pín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan yí ọpọ́n ká. Bí ìsàlẹ̀ ihò bá tẹ́jú, ọmọ ayò yóò sá sí ẹ̀gbẹ́, ìka yóò sì máa wá a kiri. Bí ihò kò bá jìn tó, ọmọ yóò máa dà sílẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá ń kó odù jọ, ìyẹn ihò tí ọmọ inú rẹ̀ tó méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ihò apá kan bá sì tóbi ju ti apá kejì lọ, oníṣẹ́ ti ṣègbè kí ayò tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń dì sínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀, kí ẹni méjèèjì lè bẹ̀rẹ̀ lọ́gbọọgba. Ní 2002, Romein àti Bal ní Vrije Universiteit, ní Amsterdam, fi kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo ọ̀nà tí awari, ìbátan ayò tó ní ihò méjìlá àti ọmọ 48, lè gbà lọ wò. Wọ́n rí i pé bí ẹni méjì kò bá ṣì í ta rárá, ọ̀mì ni wọn yóò ta. Eré tó dọ́gba tó báyìí kò yẹ kó bọ́ sórí igi tí kò dọ́gba.

Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Àgùdà tó bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí Bándélé ọmọ Arówógun wà lára wọn, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1967 pé ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ igi gbígbẹ́ ń gbà: ọ̀nà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Àáké ló ń lé ọ̀nà, ọ̀bẹ ló ń fín in. Lára ère, fínfín ni a ń rí kí a tó sọ̀rọ̀: ilà ojú, irun dídì, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Lára ọpọ́n ayò, ipò yí padà. Dídán ló ni iṣẹ́ náà, inú ihò tí ojú kì í sábà wò ló sì ti nira jù. Igi tútù rọ̀ lọ́wọ́ irin, ṣùgbọ́n bó bá yára gbẹ, ó máa sán, ibi tí ihò bá sì ti mú kí igi fẹ́lẹ́ ló ti máa ń sán. Nítorí náà ni oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n kì í fi kánjú. Ewé eépín, tí ara rẹ̀ ń ha ènìyàn lọ́wọ́, ni àwọn àgbà fi ń ha inú igi títí yóò fi jọ̀lọ̀. Lónìí ìwé yanrìn ti gba ipò rẹ̀, kò sì burú. Ohun tó burú ni fáníìṣì tí wọ́n ń dà sínú ihò ní ìdàkudà, tó ń lẹ̀ mọ́ ọmọ ayò lọ́jọ́ ooru.

Ẹni tó bá rò pé gbígbẹ́ inú igi kéré sí gbígbẹ́ ara rẹ̀, kó wo àwo kan tí Olówè gbẹ́, tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington. Láàrin àwọn ère tó kúnlẹ̀ gbé àwo náà dúró, orí kan wà tó ń yí kiri fúnra rẹ̀, tí kò sì ṣe é mú jáde. Igi kan ṣoṣo ni orí náà àti àwọn ère tó yí i ká; inú ló ti gbẹ́ orí náà sọ́tọ̀. Ọgbọ́n inú ihò ló fi dárà níbẹ̀.

Ní ti pé ó jẹ́ ẹ̀bùn, ọpọ́n ayò ní ìwà kan tí aago ògiri àti agbádá kò ní. Ẹnìkan kì í dá ta ayò. Ẹni tó fún ọ ní ọpọ́n ti fún ọ ní alátakò, ọ̀pọ̀ ìgbà òun fúnra rẹ̀ ni alátakò náà. Yóò wá ní ìrọ̀lẹ́, yóò sì bá ọ jókòó. Àwọn òǹwòran yóò pé jọ, wọn yóò máa fi ọ̀ta tó borí àti ọ̀pẹ tó pàdánù ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà ni mo fi ń fojú kékeré wo ọpọ́n tí wọ́n ń gbẹ́ fún ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì, tí orúkọ àti oyè kún ara rẹ̀, tí ihò rẹ̀ kò sì jìn ju ìdérí ìgò lọ. Wọ́n ti pinnu pé ara ògiri ni yóò gbé. Ọ̀wọ̀ rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n kò pe ẹnikẹ́ni wá jókòó.

Mo gbà pé fínfín lè ní ìwúlò. Ọpọ́n tí a fín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa, tí ihò rẹ̀ sì péye, ló ga jù nínú gbogbo wọn. Bí ọ̀kan yóò bá ṣàìsí, kí ó jẹ́ fínfín. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí fún gbẹ́nàgbẹ́nà, ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí níbòmíràn, ẹ mú ọmọ ayò 48 lọ́wọ́ lọ, kí ẹ sì ta ayò kan lórí ọpọ́n náà kí ẹ tó ní kí ó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i.