Inú Òkun Ni Àlejò Já Sí, Kí Ló Dé Tí Ìwé Ń Jẹ́ Ọ̀sà?

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo tún gbé dé lónìí. Ọ̀kan nínú yín, ẹni tó jókòó sí kíláàsì mọfọ́lọ́jì mi láyé ọjọ́un, ló ka ìwé Lagoon tí Nnedi Okorafor kọ. Ó wá bi mí pé inú òkun ni àwọn àlejò inú ìwé náà já sí, kí ló dé tí òǹkọ̀wé fi orúkọ ọ̀sà pe ìwé rẹ̀? Ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé orúkọ tó dùn létí òyìnbó ni wọ́n kàn mú. Ìbéèrè gidi ni. Ó yẹ ká jókòó tì í, nítorí ìdáhùn tó kọ́kọ́ ń wá síni lẹ́nu kọ́ ló tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà ní ṣókí fún ẹni tí kò tíì kà á. Ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni, ọdún 2014 ló jáde. Ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ni Okorafor. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé fíìmù District 9, tó jáde ní 2009, wà lára ohun tó mú òun bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, torí pé ojú ọ̀daràn ni wọ́n fi wo àwa ọmọ Nàìjíríà nínú fíìmù náà, inú sì bí i. Nínú ìwé tirẹ̀, àwọn ẹ̀dá láti ojú ọ̀run kò lọ sí New York, wọn kò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù; Èkó ni wọ́n wá. Wọ́n já sínú òkun ní ọ̀kánkán Bar Beach. Àwọn mẹ́ta tí wọn kò mọ ara wọn rí wà ní etíkun lálẹ́ ọjọ́ náà: Adaora, onímọ̀ nípa ẹ̀dá inú òkun, Agu, ṣọ́jà, àti Anthony, olórin ráàpù láti Gánà. Omi dìde, ó gbé wọn lọ. Nígbà tí wọ́n máa padà dé, àlejò kan ti wà láàárín wọn tó jọ obìnrin, tó sì lè pa ara dà. Ayodele lorúkọ tó ń jẹ́ nínú ìwé. Òun ni aṣojú àwọn tó wá. Láti ibẹ̀ ni ìlú ti dàrú: ṣọ́jà, pásítọ̀, gbájúẹ̀, ọ̀dọ́ àdúgbò, títí kan Ààrẹ tó ń ṣàìsàn, kálukú pẹ̀lú ohun tó ń wá lára àlejò.

Ẹjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ mi pè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní èdè Yorùbá, òkun kì í ṣe ọ̀sà. Olókun wà, Ọlọ́sà wà, a kì í fi ọ̀kan pe èkejì. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà sì rèé, inú ibú òkun ló ti ṣẹlẹ̀: ẹja kan tí ẹnu rẹ̀ gùn bí idà ló gún páìpù tó ń gbé epo rọ̀bì. Omi tí àwọn àlejò fọ̀ mọ́ kúrò nínú epo, omi òkun ni. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá wo ilé ìtàn yìí, òkun ni a rí. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lẹjọ́ parí sí, akẹ́kọ̀ọ́ mi jàre.

Ṣùgbọ́n orúkọ ìwé kì í ṣe àdírẹ́sì. Ẹ rántí bí a ṣe ń pín orúkọ ènìyàn: àmútọ̀runwá ń sọ bí ọmọ ṣe wáyé, àbísọ ń sọ ipò tí ilé wà àti ohun tí òbí ní lọ́kàn. Orúkọ ìwé náà pín bẹ́ẹ̀. Òmíràn ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, òmíràn ń sọ ojú tí òǹkọ̀wé fẹ́ ká fi wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ wo Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938. Igbó ni àkọlé dárúkọ, ṣùgbọ́n Òkè Láńgbòdó ni ìrìn àjò ńlá inú ìwé náà ń lọ, kò sì sí nínú àkọlé. Ta ló torí ìyẹn sọ pé Fágúnwà ṣi ìwé rẹ̀ lórúkọ? Ẹ wo Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Gbólóhùn ni, kò dárúkọ ẹnì kan, kò dárúkọ ibì kan, síbẹ̀ ìgbà tí a bá ka ìwé tán la tó mọ bí orúkọ náà ṣe wúwo tó. Nítorí náà, "ibo ló ti ṣẹlẹ̀?" nìkan kọ́ ló yẹ ká bi àkọlé. Ká tún bi í pé, "Kí ni o jẹ́ ká rí tí ojú wa ì bá fò dá?"

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Lagos, orúkọ tí ayé fi ń pe Èkó, ọ̀rọ̀ Potogí ni, láti ara lago, èyí tó túmọ̀ sí adágún omi. Láti inú lacus ti èdè Látìn ló ti wá. Lagoon tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè, láti ọwọ́ àwọn ará Ítálì àti Faransé ni wọ́n ti gbà á, lacuna ti Látìn ni orísun rẹ̀, lacuna sì rèé, ọmọ bíbí inú lacus ni. Ìdílé kan náà ni Lagos àti lagoon. Ẹni tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé ń rí orúkọ ìlú nínú orúkọ ìwé kó tó ṣí i.

Èkó ńkọ́? Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ Bìní tó túmọ̀ sí ibùdó ni, àwọn mìíràn ní "oko" ni, wọ́n á sì tọ́ka sí oko ata Arómirẹ́. Èyí ó wù kó jẹ́, kò sí omi nínú orúkọ tí onílé ń pe ìlú rẹ̀. Àlejò ló fi omi pè é. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Àwọn Potogí tó dé ní ọ̀rúndún karùndínlógún, orí òkun ni wọ́n gbà wá. Òkun ni wọ́n fi oṣù mélòó kan rí. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ fún ibẹ̀ lórúkọ, wọn kò dárúkọ òkun. Omi tó wà lẹ́yìn iyanrìn ni wọ́n fi pè é. Àwọn àlejò inú ìwé Okorafor kọ́ ni yóò kọ́kọ́ gba orí òkun wọ Èkó tí ìlú kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Orúkọ ìwé náà to àlejò tuntun sẹ́yìn àlejò àtijọ́. Bó bá jẹ́ "òkun" ni ó fi sọ ìwé lórúkọ, a ò ní gbọ́ ìyẹn.

Onílé pàápàá jẹ́rìí sí i. Ìjọba ìbílẹ̀ wo ni Bar Beach wà? Etí-Ọ̀sà ni. Ilẹ̀ tí òkun ń lù lójoojúmọ́, ọ̀sà ni a fi ń pè é. Ọ̀rọ̀ "Bar" tó wà nínú orúkọ etíkun yẹn sì ní ìtàn tirẹ̀: òkìtì iyanrìn abẹ́ omi tó dí ẹnu ọ̀nà láàárín òkun àti ọ̀sà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó to òkúta ńláńlá sí ẹnu ọ̀nà èbúté ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọkọ̀ ńlá kì í lè wọlé ní ìrọ̀rùn. Nítorí náà, ibi tí Adaora, Agu àti Anthony ti pàdé, ìloro ni. Ẹnu ọ̀nà ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ilé tí ẹnu ọ̀nà náà wọ̀ ni àkọlé dárúkọ.

Ẹ̀rí mi kejì wà nínú ohun tí ọ̀sà jẹ́. Òkun níyọ̀, odò kò níyọ̀. Ọ̀sà ni ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Ní ìgbà òjò, omi odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn á ya wọ ọ̀sà Èkó, iyọ̀ rẹ̀ á dínkù. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun á padà wọlé, iyọ̀ á tún gòkè. Ọ̀kan kì í borí èkejì títí lọ. Ìlànà yẹn gan-an ni ìwé náà tẹ̀ lé. Apá mẹ́ta ló ní. Bí n bá túmọ̀ orúkọ wọn, Káàbọ̀, Ìtají àti Àjọgbé ni n ó pè wọ́n. Àwọn àlejò kò ṣẹ́gun Èkó, Èkó kò lé wọn lọ. Ní ìparí, Ayodele fúnra rẹ̀ di kùrukùru tí àwọn ará ìlú fà símú. Iyọ̀ ti wọnú omi, ta ni yóò yọ ọ́? Òkun kò lè jẹ́ àwòrán irú ìparí bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó bá wọnú òkun, òkun ló ń dà.

Nígbà náà, mo fara mọ́ orúkọ yìí. Síbẹ̀, orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, mo sì ní gbèsè kan láti bi ìwé náà. Nínú ìtàn yìí, ọ̀nà márosẹ̀ ní ebi tirẹ̀, ó ń pa ènìyàn jẹ. Aláǹtakùn abẹ́ ilẹ̀ ní ohùn. Ẹja ní èrò lọ́kàn. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohùn ọ̀sà bí mo ṣe gbọ́ tiwọn. Kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó gbé ìtàn dání tó jẹ́ pé ojú ọ̀sà ló ti ń jẹun: kò sí apẹja Ìlàjẹ, kò sí ìyá Ẹ̀gùn tó ń yan ẹja. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní 2012, ọdún méjì kí ìwé náà tó jáde, ìjọba wó ilé orí omi ní Makoko. Láàárín 2016 sí 2017, wọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò ní Otodo Gbame létí ọ̀sà kan náà. Bar Beach fúnra rẹ̀ ti wọnú iyanrìn tí wọ́n fi kọ́ Eko Atlantic. Ìwé tó bá mú orúkọ ọ̀sà, a lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í pé àwọn ọmọ ọ̀sà dà? Orúkọ náà bá èrò inú ìtàn mu. Àwọn ènìyàn tó ni orúkọ náà ni ìtàn kò pè tó.

Ó ku ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ túmọ̀ ìwé yìí sí Yorùbá máa bá pàdé. Bó bá pè é ní Ọ̀sà lásán, ó ti pàdánù Lagos tó fara pamọ́ sínú lagoon, torí Èkó àti ọ̀sà kò jọ ara wọn létí. Ọ̀sà Èkó yóò dà bí àkọlé ìwé jọ́gíráfì. Èmi ì bá pè é ní Etí Ọ̀sà. Ó sọ ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀ gan-an, akẹ́kọ̀ọ́ mi ò sì ní rí ẹjọ́ pè mọ́. Ju ìyẹn lọ, etí tí à ń pè ní ìpẹ̀kun nǹkan, etí tí a fi ń gbọ́ràn náà ni. Ìró ńlá kan láti inú omi ni ìwé náà fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo wàhálà tó sì tẹ̀ lé e, àìgbọ́ra-ẹni-yé ni: àlejò ń sọ̀rọ̀, onílé ń yìnbọn.

Ìdájọ́ mi rèé: Okorafor kò ṣi ìwé rẹ̀ lórúkọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, kó jọ̀ọ́ kọ́kọ́ lọ sí etí omi níbi tí ilé orí òpó ṣì kù, kó bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ pé kí ni wọ́n ń pe omi wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé náà, tí Etí Ọ̀sà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ mú tiyín wá, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.