Fáìlì Ìyá: Lámèyítọ́ lórí Iṣẹ́ Ọnà Orí Kọ̀ǹpútà fún Ojúde Ọba

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, níbi Ojúde Ọba, bí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, bá ń wọ́ lọ kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ní Ìjẹ̀bú-Òde, aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹṣin ni gbogbo ojú ń wò. Iṣẹ́ ọnà mìíràn wà níbẹ̀ tí àwa lámèyítọ́ kì í kà sí: bánà ńláńlá, ìwé ètò, kàlẹ́ńdà, àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sára abẹ̀bẹ̀. Iṣẹ́ àjọṣe ni. Onífọ́tò ya àwòrán, ẹnìkan gé e kúrò lára ẹ̀yìn rẹ̀, ẹlòmíràn to orúkọ sí i, ilé ìtẹ̀wé sì gbà á. Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò bá wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì iṣẹ́ yìí kò tíì wo iṣẹ́ náà rárá, torí ibẹ̀ ló ti ń gún, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú bánà kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Bí oníṣẹ́ bá fi pixel 100 sí íǹṣì kọ̀ọ̀kan, 14,400 ni yóò jẹ́ ní ìbú, 9,600 ní òró, ó lé ní mílíọ̀nù 138 lápapọ̀. Nínú àwọ̀ mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, ìpele (layer) kan ṣoṣo tó bá kún bánà náà á gba nǹkan bíi MB 550 kí kọ̀ǹpútà tó fún un pọ̀. Ìpele kan kọ́ sì ni wọ́n ń lò: ẹ̀yìn wà lọ́tọ̀, àwòrán ààfin lọ́tọ̀, ojú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́tọ̀, òjìji wọn lọ́tọ̀. Kò pẹ́ tí fáìlì PSD fi máa kọjá GB 2 tí Photoshop gbà fún un, àfi kéèyàn bọ́ sí PSB, tí í ṣe ti fáìlì ńlá. Fláàṣì tí wọ́n fi FAT32 ṣètò kò sì lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó GB 4. Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyí: wọ́n á pa gbogbo ìpele pọ̀, wọ́n á sọ ọ́ di JPEG, wọ́n á fi WhatsApp ránṣẹ́ bí ẹni fi fọ́tò ránṣẹ́. WhatsApp á rún un kéré, ilé ìtẹ̀wé á nà án padà, ojú àwọn àgbà ìlú á wá rí wúruwùru lórí flex. Bẹ́ẹ̀ láti 2022 ni WhatsApp ti ń gbé fáìlì tó tó GB 2 bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bí ìwé, láìfọwọ́ kàn án.

Ìṣòro tó ju ìtóbi lọ ni kí ọwọ́ méjì bọ inú fáìlì kan. Ẹnìkan ń ṣàtúnṣe orúkọ, torí wọ́n to Ọ̀túnba kan sí ìsàlẹ̀ ẹni tí kò tó o, ọ̀ràn ńlá sì ni ní Ìjẹ̀bú. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹlòmíràn ń tún àwọ̀ gèlè ṣe lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kó lè bá aṣọ ẹgbẹ́ mu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, fáìlì méjì ló wà nílẹ̀, kò sì sí èyí tó pé. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Git, tí Linus Torvalds ṣe ní 2005, tó ń wo iṣẹ́ ẹni méjì láìnì-sí-láìnì tó sì ń so wọ́n pọ̀. Àwòrán kò ní láìnì. Git LFS tó jáde ní 2015 ń bá wọn gbé fáìlì wíwúwo síbòmíràn, ṣùgbọ́n kò lè lẹ àwòrán méjì pọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe géèmù fi ń lo Perforce, níbi téèyàn ti lè ti fáìlì mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ títí yóò fi parí. Ọgbọ́n yẹn ni mo fara mọ́. Kò sì dìgbà tí a bá ra Perforce: bí gbogbo ẹgbẹ́ oníṣẹ́ bá gbà pé ẹni tó bá kọ “ó wà lọ́wọ́ mi” sórí WhatsApp nìkan ló lè fọwọ́ kan fáìlì ìyá, ìyẹn èyí tí gbogbo ìpele ṣì wà nínú rẹ̀, ó ti tó. Kí orúkọ àti oyè sì wà nínú fáìlì CorelDRAW tiwọn, kí ẹni tó ń tún orúkọ ṣe má baà ṣí àwòrán rárá. Kí wọ́n rántí pé ohun tí CorelDRAW tuntun bá fi pamọ́ kì í ṣí nínú ti àtijọ́, àfi tí wọ́n bá dìídì fi pamọ́ fún ti àtijọ́.

Ní ti orúkọ fáìlì, “final” tí gbogbo ènìyàn ń kọ kò sọ nǹkan kan fúnni. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan kì í gba orúkọ èyí tó ṣáájú rẹ̀; bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àti ọjọ́ tirẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àṣà kí wọ́n ṣí fáìlì èṣí, kí wọ́n pa ọdún ibẹ̀ rẹ́, kí wọ́n yí àwọ̀ aṣọ padà, kí wọ́n sì fi pamọ́ lé e lórí. Ọjọ́ 8 oṣù kẹfà 2025 ni wọ́n ṣe Ojúde Ọba tó kẹ́yìn lójú ayé Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó ti wà lórí oyè láti 1960. Ní ọjọ́ 13 oṣù keje, ọba wàjà. Fáìlì tó jẹ́ iṣẹ́ oníbàárà lásán ní oṣù kẹfà ti di ìtàn kí oṣù keje tó dé ìdajì. Bí ẹnìkan bá ti tẹ ti ọdún tuntun lé e lórí, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà yóò wò lọ́la? JPEG ò lè fi àwòrán ọba tí wọ́n kọ́kọ́ mú hàn án, tàbí àwọ̀ tí ẹgbẹ́ kọ̀, tàbí ẹni tí wọ́n gbé láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Inú àwọn ìpele ni gbogbo ìyẹn wà.

Wọ́n á ní owó háádì dísíkì àti dátà ń pọ̀, iná kò sì dúró. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n tọ́jú gbogbo ẹ̀dà. Mẹ́ta péré tó: fáìlì ìyá pẹ̀lú àwọn ìpele rẹ̀, èyí tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí, àti èyí tó wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹgbẹ́ ló sanwó iṣẹ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ ló sì ń tọ́jú ìwé ìpàdé. Òun náà ló yẹ kó máa gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́yìn ọdún kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì ti sọ ọ́ fún oníṣẹ́ kí owó àsansílẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ wọn.