Ojú Inú, Iṣẹ́-Ọnà àti Ìwòsàn Ọkàn: Ìwòye Lámèyítọ́ lórí Àró àti Òṣogbo

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Òwe yìí ni a fẹ́ fi ṣe àtẹ̀gùn wọ inú ọ̀rọ̀ wa. Ohun tí a gbà gbọ́ ni pé ojú inú ni ọkàn tó gbọgbẹ́ fi ń ríran, iṣẹ́-ọnà sì lè gbé ohun tó rí jáde. Ṣùgbọ́n kò lè di ìwòsàn bí kò bá sí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Ibùdó méjì nílẹ̀ Yorùbá ni a ó fi ṣe ẹ̀rí: Àró ní Abẹ́òkúta àti ìlú Òṣogbo. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ni wọ́n sábà ń kọ̀wé lórí ti àkọ́kọ́, àwọn onímọ̀ iṣẹ́-ọnà ni wọ́n ń kọ̀wé lórí ìkejì. Ní tiwa, a kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí á yà wọ́n nípá.

Òṣùwọ̀n wa

Rowland Abiodun ti ṣàlàyé àwọn èrò bíi ojú inú, ojú ọnà, ìfarabalẹ̀ àti ìlutí gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n ẹwà nínú iṣẹ́-ọnà Yorùbá. Ìlutí ni a ó gùn lé jù lọ níhìn-ín: ǹjẹ́ iṣẹ́ náà ń gbọ́, ǹjẹ́ ó sì ń dáhùn? Ère tó bá rẹwà lójú ṣùgbọ́n tí kò dáhùn, igi lásán ni.

Àró àti Lantoro

Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, dá ètò abúlé sílẹ̀ ní Àró. Kò ti aláìsàn mọ́lé. Ilé àwọn àgbẹ̀ tó wà ní abúlé àyíká ni ó fi wọ́n wọ̀ sí. Ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, ìbáà ṣe ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ẹni tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra.

Ní Abẹ́òkúta kan náà, ní Lantoro, ilé ìtọ́jú tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀, ni Ulli Beier, ọmọ Jámánì, ti fún àwọn aláìsàn ní ọ̀dà kí wọ́n máa yàwòrán. Beier yìí náà ni ó bá Duro Ladipo dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962. Nítorí náà, okùn kan wà tó so ilé aláìsàn pọ̀ mọ́ ilé ọlọ́nà.

Òṣogbo

Olùkọ́ bíi tiwa ni Ladipo; ilé ọtí rẹ̀ ni wọ́n sọ di ibùdó náà. Ọ̀rọ̀ Igbo ni mbari. Ilé amọ̀ tó kún fún ère ni, tí àwọn ará agbègbè Òwèrè ń fi bọlá fún Ala, òrìṣà ilẹ̀. Etí àwọn ará Òṣogbo ló sọ ọ́ di “m̀bá rí, m̀bá yọ̀”. Nínú àpéjọ tí èdè púpọ̀ ti pàdé bí èyí, ó yẹ kí á ṣàkíyèsí rẹ̀: ìlú gbọ́ ọ̀rọ̀ àjèjì, ó sì fi ayọ̀ dá a lóhùn. Ìlutí nìyẹn.

Lára àwọn tó jáde níbẹ̀ ni Twins Seven-Seven, Taiwo Olaniyi. Ó ní òun nìkan ló yè nínú ìbejì méje tí ìyá òun bí. Ó gbé òkú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ sí orúkọ, ó sì kó àwọn iwin àti ẹ̀mí kún àwòrán rẹ̀ láìfi àyè sílẹ̀. Ẹni tó bá pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní àlọ́ lásán kò tíì wò ó dáadáa.

Ní ti Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ọmọ Austria tó dé ní 1950, ikọ́ ife dá a dúbúlẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn tó dé. Ajagẹmọ, olórí àwọn olórìṣà Ọbàtálá ní Ẹdẹ, ló mú un wọ inú ìsìn. Nígbà tó yá, òun àti àwọn bíi Adebisi Akanji tí í ṣe bíríkìlà àti Buraimoh Gbadamosi tí í ṣe káfíńtà tún igbó Ọ̀ṣun ṣe, igbó tí UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 2005.

Àríyànjiyàn wa

Ohun méjì ni a kò fara mọ́. Èkíní, àwọn lámèyítọ́ kan a máa sọ pé àwọn ọlọ́nà wọ̀nyí kò kẹ́kọ̀ọ́. Ṣé ẹni tó ti mọ bí sìmẹ́ǹtì ṣe ń gbẹ ni kò kẹ́kọ̀ọ́? Ìkejì, wọ́n a máa sọ ìtàn náà bí ẹni pé òyìnbó ló wá la ojú wa. Ajagẹmọ ló mú àlejò náà mọ́ra kí àlejò tó mọ ohunkóhun fún wa.

Síbẹ̀, a kò ní tìtorí ìfẹ́ ilé fi àléébù pamọ́. Nígbà tí ọjà dé, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán kan náà ní àyàtúnyà fún àwọn oníbàárà. Owó ló ń dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lóhùn. Ère inú igbó Ọ̀ṣun yàtọ̀, nítorí pé àwọn èèyàn ṣì ń kúnlẹ̀ níbẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a lọ ṣe àbẹ̀wò sí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ó ní kí àwọn ọmọ ya ilé wọn. Ọmọbìnrin kan ya ilé tí kò ní òrùlé, ó sì kun inú rẹ̀ dúdú. Akẹ́kọ̀ọ́ wa fa igi lé e, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ilé gbọ́dọ̀ ní òrùlé. Àwa tí a jókòó lẹ́yìn kíláàsì fún un ní máàkì tó jọjú, nítorí pé kíláàsì rẹ̀ pa rọ́rọ́. Ìgbà tí a ń jáde ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ fún wa pé rògbòdìyàn ló lé ọmọ náà àti àwọn òbí rẹ̀ kúrò lábúlé wọn.

Ọmọ náà sunkún, ó sì ríran. Àwòrán rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ kò gbọ́, àwa alábẹ̀wò náà kò gbọ́. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ẹ̀ka iṣẹ́-ọnà dá wà, ẹ̀ka ìmọ̀ràn àti ìtọ́sọ́nà dá wà, ẹ̀ka èdè abínibí sì wà lọ́tọ̀. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ìlà kan lọ nínú fọ́ọ̀mù àbẹ̀wò ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́: ǹjẹ́ olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ, ní èdè tí ọmọ gbọ́, ohun tí àwòrán rẹ̀ ń sọ? Ká ní ìlà náà wà lọ́jọ́ náà ni, máàkì tí a fún akẹ́kọ̀ọ́ wa kò bá má rí bẹ́ẹ̀.