Brasil Kí Brasil Tó Wà

Ẹni tó bá ń ka Canterbury Tales, ìwé tí Geoffrey Chaucer fi sọ ìtàn àwọn arìnrìn-àjò, yóò bá ọ̀rọ̀ kan pàdé lẹ́yìn ìtàn tí àlùfáà àwọn sísítà sọ, bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìparí yẹn wà nínú ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni brasile. Onílé-èrò tó ń ṣamọ̀nà wọn ló ń yin àlùfáà yẹn. Ó ní ara ọkùnrin náà le, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n débi pé kò nílò kó fi brasile kun ún, kò sì nílò àwọ̀ pupa tó ń ti Pọ́túgà wá. Pọ́túgà àti Brasil lẹ́ẹ̀kan náà! Ọkàn òǹkàwé á ti máa lọ sí Bahia. Àmọ́ ẹ dúró ná. Chaucer kú ní 1400. Ó ku ọgọ́rùn-ún ọdún kí ọkọ̀ Pedro Álvares Cabral tó gúnlẹ̀ sí etíkun tí à ń pè ní Brasil lónìí. Kí wá ni brasile ń ṣe nínú ìwé Chaucer?

Igi ni. Kì í ṣe orúkọ ìlú. Igi líle kan tó ń hù ní Íńdíà, ní Sumatra àti láwọn ilẹ̀ ìlà-oòrùn mìíràn, tí wọ́n tún ń pè ní sappan. Àwọn oníṣòwò á kó o gba orí Òkun Íńdíà, á dé Alexandria, á dé Venice, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró àti àwọn akọ̀wé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Marco Polo rí i ní Sumatra. Ó ní òun kó irúgbìn rẹ̀ padà sí Venice, òun sì gbìn ín, àmọ́ kò hù nítorí òtútù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbìyànjú láti gbin ewúro ní London tàbí Toronto, ọ̀rọ̀ baba yìí á yé yín dáadáa.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyí: wọ́n á fá igi náà wẹ́wẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi eérú tàbí funfun ẹyin, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè dúró. Bí wọ́n bá fẹ́ kó ki, kó rí bí òdòdó róòsì, wọ́n á lọ ẹfun mọ́ ọn. Bí nǹkan kíkan bá kàn án, á máa ṣe bí ìyeyè. Bí omi eérú bá kàn án, á pọ́n bí wáìnì. Òun ni wọ́n fi ń ṣe tàdáwà pupa, òun ni wọ́n fi ń kun àwòrán inú ìwé àfọwọ́kọ. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: oòrùn máa ń jẹ ẹ́, ó sì máa ń ṣá.

Ibí yìí ni ẹ̀fẹ̀ Chaucer wà. Àwọ̀ tó ń ti Pọ́túgà wá yẹn, kòkòrò gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní èso ni, owó gọbọi ni wọ́n fi ń rà á, kì í sì í ṣá bọ̀rọ̀. Brasile kò tó o. Ohun tí onílé-èrò ń sọ ni pé àlùfáà yìí kò nílò ojúlówó, kò sì nílò èyí tó rọjú. Ẹni tó bá ka brasile bí orúkọ ìlú, ẹ̀fẹ̀ náà ti fò ó dá.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ láyé àtijọ́ pọ̀: brasile, brasil, bresil, brasyl. Ní ti orísun rẹ̀, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ló bí i, àmọ́ èyí tó jọ òótọ́ jù ni pé ó bá ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ẹyinná tan, ìyẹn ẹbí ọ̀rọ̀ tí a ti rí brazier, agbada tí wọ́n ń kó ẹyinná sí. Ó bá igi náà mu: bí wọ́n bá là á, inú rẹ̀ á pọ́n bí ẹyinná.

Ó wá ku ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ibi tí mo ti ní àríwísí. Àwọn kan máa ń ṣàlàyé brazil nínú ìwé àtijọ́ pé igi tó wá láti Brasil ni. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ ṣáájú ẹṣin. Ìlú ló jẹ́ orúkọ igi, igi kò jẹ́ orúkọ ìlú. Nígbà tí Cabral dé ní 1500, Vera Cruz ló pe ilẹ̀ náà. Wọ́n tún pè é ní Santa Cruz, ìyẹn Àgbélébùú Mímọ́. Àmọ́ igi kan wà nínú igbó ibẹ̀ tó jọ brasil ti ìlà-oòrùn, tó sì ń pa aṣọ láró pupa bíi tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1502, Fernão de Loronha ti gba àṣẹ ọba láti máa ṣòwò rẹ̀. Kò pẹ́ tí orúkọ ọjà fi bo orúkọ mímọ́ mọ́lẹ̀. Inú bí òpìtàn Potogí nì, João de Barros, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1552. Ó ní iṣẹ́ Sàtánì ni, kí orúkọ igi tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró gba ipò igi àgbélébùú.

Baba yẹn sunkún, àmọ́ ẹkún orúkọ tí àwọn èèyàn rẹ̀ fúnra wọn kó wá ló sun. Àwọn Tupi tó ni ilẹ̀ ti ní orúkọ fún igi yẹn tipẹ́: ibirapitanga, igi pupa. Àwọn ló ń gé e, àwọn ló ń fi èjìká rù ú dé etíkun, kí wọ́n lè gba àáké àti ọ̀bẹ. Nígbà tó bá dé Amsterdam, àwọn ẹlẹ́wọ̀n Rasphuis, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ṣí ní 1596, ló ń rún un di ìyẹ̀fun. Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọjà ni àwọn yìí wò. Àní brasileiro tí ọmọ ibẹ̀ ń pe ara rẹ̀ lónìí, oníṣòwò igi ló kọ́kọ́ túmọ̀ sí, bí ìgbà tí gbogbo ọmọ ìlú kan bá ń jẹ́ Onígi.

Ṣé ó kàn wá? Ó kàn wá gan-an. Nagô tí wọ́n pe àwọn èèyàn wa ní Bahia, Ànàgó ni, ẹ̀yà kan ṣoṣo lára wa. Àwọn Fọ̀n ló fi ń pe gbogbo wa, ó sì bá ọjà ẹrú sọdá òkun. Ẹ tún wo osùn. Camwood ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó ti èdè Temne wá, nílẹ̀ Sierra Leone. Bẹ́ẹ̀, orúkọ tiwa ni wọ́n fi sí Pterocarpus osun nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko. Bí ẹ bá sọ pé osùn, ọmọ tuntun wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ìyàwó wà níbẹ̀, ìyẹ̀rosùn orí ọpọ́n àti odù Ìrosùn ò jìnnà. Bí ẹ bá sọ pé camwood, ẹrù orí ìwọ̀n ló kù.

Mi ò ní ká yí orúkọ Brasil padà o. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ti sọ orúkọ ọjà di orúkọ ilé, bí àwọn tiwa náà ṣe sọ Nagô di orúkọ iyì. Ní 1978, òfin sọ igi náà di igi orílẹ̀-èdè wọn, nígbà tí gígé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Láti 2007 ni òfin àgbáyé ti ń ṣọ́ òwò rẹ̀, torí àwọn tó ń fi í ṣe ọrun gòjé òyìnbó ò tíì jáwọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ̀wé, tẹ́ ẹ ń túmọ̀, tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ níwèé lókè òkun: bí brazil bá yọjú nínú ìwé àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún. Bó bá ti ṣáájú 1500, kì í ṣe orílẹ̀-èdè Brasil. Bí osùn bá sì yọjú nínú èyí tẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ń kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ osùn.