Orúkọ Ẹ̀dá-Ìtàn: Ìwé Fágúnwà àti Ìwé Ọjà Onitsha

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ tí ẹ bí sí Odoakpu bá ń ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), ẹ bi í léèrè ìtumọ̀ Olóhùn-iyọ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀dá-ìtàn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ ni Fágúnwà fi ń sọ ìwà: olórin ni Olóhùn-iyọ̀, ọlọgbọ́n ni Ìmọ̀dóye. Ogali A. Ogali náà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Veronica My Daughter (1956), eré tó tà gan-an lọ́jà Onitsha wa níbí: Bomber Billy ń sọ gírámà bí ẹni ń ju àdó olóró! Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tí orúkọ ti sọ ìwà rẹ̀ tán kì í sábà yí padà. Àkàrà-ògùn, tó ń fẹnu ara rẹ̀ ròyìn, ló sún mọ́ wa jù, torí kò fi ẹ̀rù tó ń bà á pamọ́.